Àwo Idẹ Tó Wà Lára Ògiri Kíláàsì

Snellville, Georgia
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹsàn-án

Déolú àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí ara rẹ le koko, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ kì í ṣe ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Àwo idẹ tí o kàn mọ́ ògiri kíláàsì ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bí mi nínú. Ọdún mọ́kànlá ni ìyá yẹn ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò ní gbogbo Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. O ní ẹ fẹ́ yẹ́ ẹ sí, o wá kọ "Mummy China" sára idẹ! Ará Vietnam ni obìnrin náà, Déolú. Ìwọ akọ̀wé ètò ẹ̀kọ́, ṣé ẹnu rẹ wúwo ju kí o béèrè lọ ni?

Èmi tí mò ń fi mọ́tò gbé e wá láti ilé rẹ̀ ní Morrow mọ ìtàn rẹ̀. Nígbà ogun, bọ́ǹbù wó ilé ìwé wọn, inú kòtò ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ilẹ̀kùn àlòkù sì ni tíṣà wọn fi ṣe pátákó. Nígbà tó di olùkọ́ ní yunifásítì lọ́hùn-ún, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó lọ po tíì wá. Ó ń pò ó. Ìṣirò kan wà tó ti dá wọn lágara fún ọdún mẹ́fà. Òun ló yanjú ẹ̀, ó sì fi ìdáhùn náà sábẹ́ ife tíì ọ̀gá wọn. Nígbà tó dé Georgia níbí, òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe olórí ẹ̀ka ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ti fẹ̀yìn tì ní West End. Ẹni tí o sọ di China nìyẹn.

Nígbà tó ka àwo yẹn, kò jà. Ó nu ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó ní kí n gbé òun lọ sílé. Nínú mọ́tò ló ti sọ pé, "Ọmọ tó ń po tíì ni wọ́n ń pè mí nígbà kan. Mo rò pé ìyẹn ti tán." Sátidé méjì rèé, kò wá mọ́. Hephzibah ọmọ tìrẹ gan-an, tó ní ìdánwò SAT lóṣù tó ń bọ̀, ń jókòó síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn.

Mo pè ọ́, o ní, "Sister Rẹ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, it's not that deep. Ṣé kí n wá máa pe àgbàlagbà lórúkọ ni?" Mo gbọ́. A kì í pe àgbà lórúkọ lójú ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ní ká má mọ orúkọ ọ̀hún? Ìwà ọ̀lẹ lo fi ọ̀wọ̀ bò mọ́lẹ̀.

Yọ àwo yẹn. Lọ sí Morrow kí Sátidé tó dé, kí o dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bí o kò bá lọ, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́.

Kí Ọlọ́run bù kún ilé rẹ, kó sì fi ìtìjú díẹ̀ sí i fún ọ.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí,
Rẹ̀mílẹ́kún

Àfikún: Mo ti kọ lẹ́tà yìí tán kí n tó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ lánàá, láti bẹ̀ ẹ́, kí n sì mú orúkọ tí wàá kọ sára àwo tuntun wá. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo ti yẹ fóònù mi wò láti wá orúkọ rẹ̀. "Mummy Maths" ni mo kọ síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá, Déolú, èmi náà kò mọ̀ ọ́n! Mo kúnlẹ̀, mo bi í léèrè orúkọ rẹ̀. Kò sọ pé òun máa wá ní Sátidé, kò sì sọ pé òun kò ní wá. Ó lọ po tíì, ó sì fi bébà kékeré kan sábẹ́ ife mi. Dà á kọ bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́: Đặng Thị Nhàn.