Orúkọ Kook Lẹ́nu Àwọn Ará Amẹ́ríkà

Èmi, Zerach ọmọ Leib Kook, káfíńtà, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tí mo ń gbé ní àdúgbò Nahlaot ní Jerúsálẹ́mù, ni mo ń sọ ní gbangba pé orí mi pé, ọpọlọ mi jí pépé, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ èdè àwọn ará Amẹ́ríkà yóò ka orúkọ mi, yóò sì padà ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Lọ́dọ̀ wọn, “kook” ni ẹni tí orí rẹ̀ yí díẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ bàbá mi ni. Rábì ńlá kan náà jẹ́ ẹ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa àtòun kò tan.

Agbẹjọ́rò Sasson, ẹni tí yóò mú ìwé yìí ṣẹ, ní kí n yọ ìyẹn kúrò, pé òfin kò bèèrè rẹ̀. Òun kọ́ ló ń kú.

Èkíní. Ilé oníyàrá méjì tí mò ń gbé, mo fi í fún Tirtza, ọmọ mi kan ṣoṣo, pẹ̀lú bàbà pẹlẹbẹ tí a kọ orúkọ wa sí lára ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà máa ń dúró níbẹ̀ ya fọ́tò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn kan ilẹ̀kùn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé wèrè ló ń gbébí?” Mo ní, “Òótọ́ ni. Wọlé wá mu tíì.” Ife mẹ́ta ló mu. Òun ni ọkọ Tirtza lónìí. Joel Fink ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ìgbéyàwó ló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé lédè wọn, olófòófó ni Fink.

Èkejì. Àwọn ayùn mi àti òòlù mi, mo fi wọ́n fún Ovadia Tzarum, káfíńtà ẹgbẹ́ mi ní òdìkejì ọ̀nà. Mi ò ka rándà tí a fi ń fági mọ́ ọn, torí ó ti yá a láti ọdún mẹ́sàn-án. Kó má wulẹ̀ dá a padà mọ́. Ovadia ló sọ nínú sínágọ́gù, létí gbogbo ìjọ, pé àga tí mo bá kàn máa ń mì síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń gbàdúrà. Òótọ́ ni, àmọ́ ibi tó ti sọ ọ́ ló dùn mí.

Ẹ̀kẹta. Ológbò mi, mo fi í fún Anshel àbúrò mi tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, bí àwọn ọlọ́kọ̀ òfúrufú bá gbà. Anshel ni ológbò náà ń jẹ́. Ó tì mí lójú láti ṣàlàyé, ṣùgbọ́n ẹni tó ń hágún kì í tún tijú.

Eyín ni àbúrò mi ń tọ́jú ní ìlú Cleveland. Lọ́dún 1960, ó kọ̀wé sí mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ta ni yóò la ẹnu fún Dókítà Wèrè? Mo ti sọ orúkọ mi di Cook.” Mo bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Kúkù ni, alásè! Mo fèsì pé: “Ìwọ tí omi lásán ń jóná mọ́ lọ́wọ́! O ta orúkọ Bàbá. Má kọ̀wé sí mi mọ́.” Lẹ́tà rẹ̀ kankan kò sì dé ọwọ́ mi, fún ọdún méjìlá. Mo wá ń sin ológbò, mo sọ ọ́ ní Anshel, kí n lè rí ẹni bú láràárọ̀.

Hinda aya mi, tí mo fẹ́ràn ju bí mo ti sọ fún un lọ, kò bá mi jà sí i. Ńṣe ló ń kọ̀wé sí Anshel lóṣooṣù ní bòńkẹ́lẹ́, tó ń fi orúkọ mi parí rẹ̀. Nígbà tí Hinda kú, lẹ́tà dáwọ́ dúró, Anshel sì rò pé èmi ni mo kú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé orí ẹja dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń kígbe: “Anshel! Olè! Aláìmoore! Wá jẹun!” Bàbá arúgbó kan dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn ògiri: “Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti dé.” Nígbà tó rí mi, àpótí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ọ̀fọ̀ yín ni mo wá ṣe!” Mo ní, “O ò rí i pé o ti tètè dé jù?” A sunkún títí ológbò fi gbé ẹja lọ.

Ẹ̀kẹrin. Ilẹ̀ méjì ni mo ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì Hinda. Ọ̀kan jẹ́ tèmi, èkejì jẹ́ ti Anshel, ẹni tó ní ọ̀dọ̀ wa ni òun fẹ́ sùn sí. Lọ́jọ́ tó ń padà lọ, a jókòó láti kọ orúkọ tí wọn yóò gbẹ́ sára òkúta, ní lẹ́tà Hébérù tiwa, tí kì í ṣe ti Òyìnbó. Mo ní, “Kọ Cook rẹ, èmi náà á kọ Kook mi, kí ayé lè rí ìyàtọ̀.” Ó kọ tirẹ̀, mo kọ tèmi. A gbé bébà méjèèjì sún mọ́ra. Lẹ́tà mẹ́ta níbí, lẹ́tà mẹ́ta lọ́hùn-ún, ọ̀kan náà ni wọ́n, láìyẹ̀ síbì kan. Fún ọdún méjìlá! Anshel tún bébà méjèèjì wò.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “àwọn ará Amẹ́ríkà ò kúkú parọ́ mọ́ wa.”

Èyí ni ìfẹ́ ọkàn mi, mo sì fọwọ́ ara mi sí i, ní ọjọ́ kẹta oṣù Elul, èyí tí ìjọba ń pè ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹjọ, ọdún 1974.

Zerach Kook

Àwọn tó ṣojú wọn:
Fruma Lifshitz, olùkọ́
Shabtai Gabbai, oníbúrẹ́dì