Owó Ẹyọ Inú Gíláàsì

Màmá mi,

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ọ̀rọ̀ kì í tètè wá sí mi lórí ìwé. Ara wa le. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ti dẹnukọlẹ̀ ní Dubai, ọkọ mi ń sinmi dáadáa. Èmi ń nu àpótí gíláàsì ní ilé àwọn nǹkan àtijọ́ ní Sharjah.

Lánàá mo rí owó ẹyọ nínú gíláàsì, irú èyí tí ìyá yín ní kí n máa kúnlẹ̀ kí. Ni mo bá kúnlẹ̀! Sìstá Ganiat tó ń bójú tó wa bú sẹ́rìn-ín: "Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tí ò ń kí? Òkun apá ìhín ni wọ́n ti kó o. Ọkọ̀ òyìnbó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n fi ra èèyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Kọ́ńpìnnì tó gbà wá síṣẹ́ ní kí a fọwọ́ sí ìwé tuntun lónìí, kí a kó páásípọ́ọ̀tù wa fún wọn, wọ́n á kó wa lọ síṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Wọn ò dárúkọ ìlú náà. Ọkọ mi ní, "Fọwọ́ sí i jàre, ká ṣáà rí jẹ." Mo ti rán páásípọ́ọ̀tù mi mọ́ inú ìrọ̀rí.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Sìstá Ganiat ti ń pè mí: "Yalla, ó yá, ìyàwó, àwọn kọ́ńpìnnì ti dé!" Màmá, tí wọ́n bá bi mí níbi tí páásípọ́ọ̀tù mi wà, màá sọ pé…