Alángbá Inú Pálọ̀

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ kíkí tí wọ́n ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà. Gbogbo nǹkan la ní kíkí fún nílẹ̀ Ẹ̀gbá. A ní ti ẹni tó jókòó, a ní ti ẹni tó dúró, a ní ti ẹni tó ń rìn bọ̀ nínú oòrùn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ ti ẹni tó dùbúlẹ̀ tí kò ní dìde mọ́. Nítorí náà, n ó kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín. Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?

Ilé wà dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù sìmẹ́ǹtì yín ṣì wà níbi tí ẹ fi sí, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń ké bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Nàfísá, ìyàwó mi, ní kí n kí yín. Nàfísá fúnra rẹ̀ ti ga jù mí lọ, ó sì ń jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn mi ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń dìde lórí ìrun, tí ẹ̀yìn yín á dún bí igi gbígbẹ, tí èmi á máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín? Ó ti kàn mí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ kí n ti àpò sìmẹ́ǹtì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò sì lè nàró mọ́. Bí mo ṣe tẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé mi wọ kẹ̀kẹ́, bí mo ṣe tẹ̀ náà ni mo ṣe wọlé bá dókítà. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé ìkíni yẹn ti tó.

Nígbà tó yé e, ó yẹ̀ mí wò, ó ní egungun mi kò ní nǹkan kan, iṣan ló gan. Ó ní kí n lọ kọ́ yóógà. Mo kọ́kọ́ lọ bi Àlùfáà àdúgbò wa. Àlùfáà ní bí wọn ò bá ti ní kí n pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ti Ọlọ́run, kí n lọ na ara mi.

Ọmọbìnrin ará Odeda kan tó ń jẹ́ Bùkọ́lá ló ń kọ́ wa, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìbarà. Mo wọ bàtà kánfáàsì àti ṣòkòtò péńpé lọ, mo ti múra pé a ó sáré, a ó fò. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n dùbúlẹ̀ sórí irọ̀rí. Mo dùbúlẹ̀. Ó pẹ́ títí, mi ò rí nǹkan kan, mo wá béèrè ìgbà tí a máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ti àkọ́kọ́.

Àṣé yóógà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Kò sí fífò níbẹ̀, kò sí òógùn. Èèyàn á tẹ ara rẹ̀ títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀, á wá dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á máa mí, kò ní bá a jà. Bùkọ́lá ti sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tó yé wa. Labalábá wà, ìyẹn ni kí o pa àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí orúnkún là sí ọ̀tún àti òsì. Ìgbín wà, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń kọjá orí lọ sẹ́yìn. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn obìnrin. Èyí tó bá ẹ̀yìn mi mu ni alángbá. Kí o dojú bolẹ̀, kí o na ẹsẹ̀ sẹ́yìn gbalaja, kí o fi ìgbọ̀nwọ́ gbé àyà sókè díẹ̀, kí o wá dákẹ́.

Ẹ̀yin lẹ sọ pé bí wọ́n bá ń pín sùúrù, èmi á ti bínú kúrò lórí ìlà kó tó kàn mí. Ẹ wá wò mí lónìí. Lọ́jọ́ kejì mo sùn lọ, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló gbá mi lẹ́sẹ̀ nítorí ariwo imú mi. Bùkọ́lá ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ gbé wa, kí a yéé gbé ara wa. Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lásán lọ́sàn-án, tí ẹ á da fìlà bojú. Mo rò pé ọ̀lẹ ń ṣe yín ni. Ta ló kọ́ yín?

Irọ̀rí méjì la gbọ́dọ̀ mú dání, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń gun ọ̀kadà jáde ní Òwu pẹ̀lú irọ̀rí lábíyá. Kò pẹ́ tí àwọn àgbà àdúgbò wá bẹ Ìyá Nàfísá pé ohun yòówù kí n ṣe, kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n padà sùn sílé. Òun náà ti rí tiẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dánra wò ní pálọ̀, ó wọlé bá mi níbi tí mo ti tẹrí ba sáàárín ẹsẹ̀, ó kígbe ìnnà lílláhì, ó sì fi omi tútù wẹ̀ mí láti orí délẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n dárúkọ Bàbá Kékeré, àbúrò yín. Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ wọn ká láti ẹ̀ẹ̀kan.

Lọ́jọ́ tí ẹ jáde láyé, Papalanto ni mo wà, mo lọ kó ọjà. Tírélà kan ṣubú dí ọ̀nà. Kí n tó dé Òwu, wọ́n ti sin yín. Bàbá Kékeré ló ní kí wọ́n má dúró dè mí. Mo bá Bàbá Kékeré níbi ibojì, wọ́n ṣì ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ wọn, mo sì pariwo lé wọn lórí lójú gbogbo jámáà. Mi ò rí ojú yín, Bàbá mi. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì.

Bàbá Kékeré ní àwọn ò ní tẹ ilé mi títí n ó fi dọ̀bálẹ̀ bẹ àwọn. Èmi ní kí wọ́n máa retí. Iléyá méjì kọjá lórí ẹ̀. Bí mo bá rí fìlà wọn lókèèrè, ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ mi ni mo máa ń yà sí. Mo ti ra búútà mẹ́ta báyìí tí mi ò nílò.

Lọ́sẹ̀ bíi mélòó kan sẹ́yìn, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo wà nílẹ̀ pálọ̀, mo ń ṣe alángbá. Mo ti yí aago fóònù sí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo dijú. Mo gbọ́ ìró bàtà, mo rò pé Nàfísá ni. Nígbà tí mo lajú, ẹsẹ̀ ni mo rí, ó jọ tiyín gan-an, àtàǹpàkò rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń bá àwọn tó kù jà. Bàbá Kékeré ló dúró níwájú mi, èmi sì rèé nílẹ̀ gbalaja.

Mo fẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó ti sinmi sílẹ̀ kì í gbọ́ àṣẹ kíákíá. Kí n tó kó ọwọ́ jọ, Bàbá Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọ́n ṣàdúrà fún ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ṣe é fún ọmọ tí mo bí àti èyí tí mi ò gbèrò láti bí. Bí mo bá ti mira, wọ́n á tún gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Kí ni mo fẹ́ sọ, pé yóógà ni? Mo ń ṣe àmín. Wọ́n wá jókòó sórí àga yín tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí.

“Òjò ti ṣú lọ́jọ́ náà,” Bàbá Kékeré sọ. “Omi ti ń sun nínú ibojì. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi sùn sínú omi. Èmi ni mo wẹ̀ wọ́n. Mo sọ fún wọn létí pé ọmọ yín ń bọ̀, ọ̀nà ló dá a dúró. Mo mọ̀ pé òkú kì í gbọ́, síbẹ̀ mo sọ fún wọn.”

Fóònù mi dún. Mi ò pa á. Mo gbé orí lé ilẹ̀, mo sunkún tí mi ò sun lójú ibojì, nítorí ìbínú ló kún ẹnu mi lọ́jọ́ náà. Bùkọ́lá ti kìlọ̀ fún wa pé bí ara bá ń tú, nǹkan mìíràn lè bá a tú. Mo ti rò pé gáàsì inú ló ń sọ.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Bàbá mi? Ṣé ẹ mọ̀ pé mo wà lójú ọ̀nà?

Lẹ́yìn náà, ọkàn mi ò balẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mo jí àdúrà gbà. Mo sọ fún Ìyá Nàfísá pé n ó lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Kékeré pé alángbá ni mo ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá Kékeré ti gbọ́ ọ̀rọ̀ irọ̀rí ni wọ́n ti ń pe òun. Òun ṣàlàyé fún wọn, wọ́n ní ìgbà wo gan-an ni mo máa ń dojú bolẹ̀. Òun ní lẹ́yìn Àsárì ni. Wọ́n tún béèrè bóyá mo máa ń pẹ́ nílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, wọ́n ti tètè dé, wọ́n jókòó síwájú ilé kejì, títí òun fi lọ sọ fún wọn pé mo ti wà nílẹ̀.

Ó ti rẹ Bàbá Kékeré láti máa retí ìdọ̀bálẹ̀ mi, ni wọ́n bá wá mú èyí tí wọ́n bá nílẹ̀.

Mi ò sọ fún wọn pé mo ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ sílé wọn láìmú irọ̀rí kankan dání. Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, mo sì dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì lásán, àyà mi kan ilẹ̀, mi ò gbé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá Kékeré ò tètè ní kí n dìde, èmi náà ò sì kánjú.

Kí ilẹ̀ máa gbé yín dáadáa, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó pẹ́ dé, ṣùgbọ́n tó dé.