Wọ́n Jí Sinimá Dìde, Wọn Ò Jí Bàbá Rẹ

Tarrawinna,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Murray ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ? Báwo ni iṣẹ́, báwo ni yàrá òkè téńté tí o gbà ní Melbourne yẹn, ṣé afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ ju bó ṣe yẹ níbẹ̀? Mo kí ọ títí, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà tí o ní o ò mọ orúkọ wọn. Ọlọ́run á máa bá ọ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yẹn, á sì máa bá ọ jáde padà sókè, torí èmi ò rí ìdí tí ọmọ tó ṣì wà láàyè fi gbọ́dọ̀ máa wọ abẹ́ ilẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀gá rẹ ò ní kórìíra rẹ. Oúnjẹ ò ní há ọ lọ́fun níbi tí kò ti sí ẹni tó máa gbá ọ lẹ́yìn. Àmín.

Tí o bá béèrè ilé, ilé ò dáa, mi ò ní purọ́ fún ọ. Òjò ò rọ̀. Adágún ẹ̀yìn ilé ti gbẹ débi pé a rí bàtà rẹ kan tó sọnù sínú ẹ̀ nígbà tí o wà ní kékeré, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sójú fèrèsé. Dulcie ọ̀rẹ́ mi ti ta ìyókù àgùntàn rẹ̀, ajá ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀. Báǹkì náà ti kó lọ, wọ́n ní fóònù ni ká máa fi bá àwọn sọ̀rọ̀. Mo pè wọ́n, obìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bíi ti ìyàwó àlùfáà, ó ní kí n sọ orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Inú mi dùn pé ẹnì kan ṣì ń béèrè ìyá mi. Mo sọ fún un, mo sọ ibi tí ìyá mi ti wá, mo sọ bí ọkọ̀ ojú omi ṣe gbé e dé, mo sọ àìsàn tó pa á. Ó ní òun ò gbọ́, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó tún ní òun ò gbọ́. Mo ní kó lọ tọ́jú etí rẹ̀, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Con tó ń wa tirela, tó ń gbé ọ̀ọ́kán wa, ní ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ènìyàn. Mo ní mo ti fura.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì ló mú mi gbé bírò. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni.

O rántí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó máa ń wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, èyí tí mi kì í jẹ́ kí o fọwọ́ kàn. A ò tíì bí ọ nígbà tí àwọn onísinimá wá síbí láti ya eré ìparun ayé. Wọ́n ní kárí Ọsirélíà, ibí ló jọ ibi tí ayé ti parun sí jù, pé àwọn ò ní nílò láti tún ohunkóhun ṣe. Inú wa dùn nígbà náà, a ò mọ̀ pé èébú ni. Wọ́n mú Clarrie bàbá rẹ nítorí irùngbọ̀n rẹ̀, wọ́n fi eérú kùn ún lójú, wọ́n gbé e dúró lẹ́nu géètì ilé epo kan tí wọ́n ti dáná sun. Ọkùnrin tó ni eré, ìyẹn oní-mọ́tò dúdú, á dé, á na garawa sí i. Bàbá rẹ á wò ó, á ní, omi ti tán, ọ̀gá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹni ibi á gun alùpùpù dé, wọn á fi irin gbá a lórí, á sì ṣubú.

Nígbà tó wá kú lóòótọ́, tí ìwọ ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ síléèwé, fídíò yẹn ló kù fún mi. Fọ́tò ò lóhùn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti mu tíì tán, mo máa ń fi í sí i, á ní omi ti tán, ọ̀gá, èmi á ní mo gbọ́, màá pa á, màá lọ sùn. Mi ò rò pé o mọ̀. Ó ti lé lógún ọdún.

Nígbà òtútù tó kọjá ni ẹ̀rọ jẹ fídíò náà. Mo ń fà á jáde, ó ń gùn bí ìfun àgùntàn, mo ń sunkún. Mo ní kí Con fi fóònù rẹ̀ sọ fún ọ, o sì kọ ọ̀rọ̀ padà pé kí n fọkàn balẹ̀, sinimá náà wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, nínú ìkùukùu, pé inú ìkùukùu ni gbogbo nǹkan wà báyìí. Mo jáde síta, mo wòkè. Murray, láti oṣù kẹta, ìkùukùu kankan ò tíì dúró lókè ilé yìí. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n kó bàbá rẹ sí, ó yé mi ìdí tí kò fi dé ọ̀dọ̀ wa. Con ní kì í ṣe irú ìkùukùu yẹn. Mo ní irú wo ló tún kù.

Ìgbà tó yá, Dulcie ń ka ìròyìn lójú fóònù, ó ní wọ́n ti jí sinimá ìparun ayé yẹn dìde lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Ọ̀rọ̀ tó lò gan-an nìyẹn, jí dìde. Mo bi í pé ṣé gbogbo wọn ni wọ́n jí, ó ní ó dà bẹ́ẹ̀, títí kan mọ́tò dúdú. Mi ò ya wèrè o. Mo mọ̀ pé òkú kì í jí ní Tarrawinna, èmi ni mo ń bomi rin òdòdó orí sàréè rẹ̀ nígbà tí omi ṣì wà. Ṣùgbọ́n tinú sinimá yàtọ̀. Oní-mọ́tò dúdú yẹn jóná nínú apá eré náà tó gbẹ̀yìn, gbogbo wa la rí i tó jóná, wọ́n sì ti mú un padà, wọ́n tilẹ̀ fún un lójú tuntun. Ẹni tó bá lè jí ẹni tó jóná, kí ló máa ṣòro fún un nínú jíjí ẹni tí wọ́n kàn fi irin gbá lórí? Dulcie wò mí títí. Ó ní, Noreen, wọ aṣọ tó dáa, èmi á wa mọ́tò.

Mo wọ aṣọ búlúù tí bàbá rẹ fẹ́ràn. A rìn jìnnà kí a tó dé ìlú tí ilé sinimá wà. Ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà ní kí n fi àwòrán onígun mẹ́rin kan han òun lójú fóònù dípò tíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó dà bíi pé èèrà kún inú ẹ̀, mo ní mi ò ní, mo ní ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú eré ni mí. Dulcie fi tirẹ̀ hàn án, ó sì fà mí wọlé. Mo jókòó sí iwájú. Ariwo! Mọ́tò ń lé mọ́tò, iyanrìn ń rú, wọ́n ń gé ara wọn lórí. Èmi ò wo ìyẹn, ojú ẹni tó bá ṣáà ti yọ ni mò ń wò. Géètì kan yọ, mo dìde, ẹni ẹ̀yìn mi ní kí n jọ̀ọ́ jókòó. Obìnrin kan ló jáde ní géètì ọ̀hún. Nígbà tí iná tàn, bàbá rẹ ò tíì dé.

Níta, kálukú ń sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kan ní ó dùn mọ́ àwọn pé obìnrin ló ń wa tirela ńlá. Con, tí òun àti alápatà ìlú wa náà ti wá wò ó, ní ìyá òun ń wakọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ta ló máa ń sáré báyẹn níbi tí epo ti wọ́n, ṣé ọpọlọ àwọn náà ti parun pẹ̀lú ayé ni. Alápatà ní ayé parun, kò wá sí eṣinṣin kan, òkú sùn kalẹ̀ nínú oòrùn, eṣinṣin kan ò bà á, kí wọ́n má pa irú irọ́ yẹn fún ará ibí. Ẹnì kan ní ti àtijọ́ dáa jù, torí nígbà yẹn wọ́n ń fọ́ mọ́tò ní tòótọ́, kọ̀ǹpútà ló ń fọ́ ọ báyìí. Òmíràn ní ìràwọ̀ méjì péré ni òun fún un. Mo bi í pé ìràwọ̀ ta ni. Mo sì ń bi wọn níkọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n rí Clarrie. Wọ́n ń wo bàtà wọn. Alápatà ló ṣàánú mi, ó ní bóyá ó wà lára àwọn tó bo ojú. A tún sanwó, a tún wọlé. Mo ń wo ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó bo ojú, torí bàbá rẹ ní ìrìn tirẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Gbogbo ayé ni wọ́n jí, wọ́n fò ó.

Bí a ṣe jáde lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dọ́kùnrin kan wá bá mi, ó gé táyà ṣe aṣọ sọ́rùn bíi tàwọn ẹni ibi inú eré, ó ní Adelaide lòun ti wá. Ó ti gbọ́ ohun tí mò ń béèrè. Ó kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe déédéé. Ó ní, Màmá, ṣé ẹni tó sọ pé omi ti tán, ọ̀gá, lẹ ń wá? Ó ní nínú gbogbo sinimá náà, kò sí ọ̀rọ̀ tó dùn tó ìyẹn, pé ìyẹn ni òun àtàwọn ẹgbẹ́ òun fi ń kí ara wọn. Ó ṣí àyà, wọ́n ti kọ ọ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ọkọ mi nìyẹn, ohùn ọkọ mi nìyẹn.

Ó wá ní ojú nìkan ni tiwọn, Màmá. Ó ní atẹ́gùn fẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ohùn ò wọlé, torí náà wọ́n yọ ohùn gbogbo ará ìlú kúrò, wọ́n ní kí òṣèré kan ní Sydney sọ ọ́ dípò wọn. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló sọ ti bàbá rẹ, ló sọ ti afọ́jú, ló sọ ti ẹni tó ń pe ajá. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Bí ẹni tó ń fún mi lẹ́bùn ló ṣe sọ ọ́, ó rò pé inú mi á dùn láti mọ̀.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà hàn ní gbọ̀ngàn wa. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ohùn rẹ̀ ki jù. Ó ní bí ẹ̀rọ ṣe máa ń mú kí ohùn gbogbo ènìyàn ki nìyẹn. Àwọn ọkùnrin ń ra bíà fún un, wọ́n ń ní kó sọ ọ́, Clarrie sọ ọ́ fún wa, á kàn rẹ́rìn-ín, á mu bíà. Kò sọ ọ́ rí títí ó fi kú. Èmi rò pé ìtìjú ni.

Nítorí náà, Murray, láti ogún ọdún, ọkùnrin Sydney kan ni mò ń dá lóhùn nírọ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Kò mọ̀ mí. Mo jókòó sínú mọ́tò, mo dijú, mo ní kí n rántí ohùn bàbá rẹ gan-an. Mo rí ọwọ́ rẹ̀, mo rí irùngbọ̀n, mo rí i tó la ẹnu, ohùn ọkùnrin Sydney ló jáde. Mo tún gbìyànjú, òun náà ló tún jáde. Mo ti wo fídíò yẹn títí mo fi nu ohùn ọkọ mi nù. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, ó dùn mí, ṣùgbọ́n kò dùn mí tó báyìí.

A ti rìn jìnnà kí Dulcie tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí n nu imú mi. Ó ní ní Àjíǹde tó kọjá, tí fóònù mi bàjẹ́ tí o pe ilé òun láti béèrè mi, òun gbé e, òun ní láti jókòó, torí Clarrie lòun gbọ́. Ó ní bó ṣe máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń mí kó tó sọ orúkọ ènìyàn, gbogbo ẹ̀ ló pé. Mo ní irọ́ ni, ọmọ mi ni, mi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní báwo ni mo ṣe fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí ti fídíò ti dí mi létí. Ó sì ti pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn rẹ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kíkọ lo ń fi ránṣẹ́, pẹ̀lú ojú róbótó kékeré tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ẹni tó ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún owó omi, torí omi tirela là ń rà báyìí, orúnkún mi náà fẹ́ oògùn. Fi ìyẹn sílẹ̀. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Pè mí ni. Má sọ ọ̀rọ̀ inú sinimá yẹn fún mi, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́ láyé. Sọ ohun tí o jẹ fún mi. Sọ ti ọ̀gá rẹ. Tí mi ò bá dáhùn, má rò pé fóònù ti já, mò ń gbọ́ ọ ni, máa sọ ọ́ lọ.

Ọlọ́run á pa ọ́ mọ́. Á fún ọ ní aya tó máa ń sọ̀rọ̀ sókè, àwọn ọmọ rẹ á sì pariwo kún ilé rẹ. Ọ̀dá ò ní mọ ọ̀nà ibi tí o wà.

Tí o bá sì ti mọ̀ pé o ò ní lè wá sílé nígbà Kérésìmesì, má kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Pè mí, kí o fi ẹnu rẹ sọ ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Noreen.