Mo Ní Kó Dà Á Kọ, Ó Dà Á Nù

Yàrá òkè,
Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ara le? Orúnkún tó ń dùn yín tẹ́ ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ọkọ yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn yín tó ń múra ìdánwò? Mo gbà á ládùúrà pé á yege, ojú ò ní tì wá. Ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ kú wàhálà òde. Mo kí yín dáadáa o, torí bí inú tilẹ̀ ń bí èèyàn, a kì í tìtorí ìyẹn fo ìkíni. Ìyá wa ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa wò ó pé kí ló dé tí mo fi jókòó kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Ìdí ẹ̀ ni pé ohùn tó kù sí mi lọ́rùn ò ṣe é fi jà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí ló rí. Níbi iṣẹ́, Jẹ́jẹ́ làwọn tá a jọ ń lọṣọ ń pè mí. Tí mo bá pè yín lórí fóònù láti sọ pé ẹ ṣẹ̀ mí, ẹ máa rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ yín. Torí náà, ẹ jẹ́ kí bírò bá mi pariwo.

Màá sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tẹ́ ẹ ṣe é sí.

Nígbà tí dókítà ní àwọn máa yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn mi, tó sì là á mọ́lẹ̀ pé ohùn mi lè má padà bó ṣe wà, ẹ̀yin lẹ ní ká lọ gbà á sílẹ̀ kó tó lọ. Mi ò lè gbàgbé oore yẹn láé. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dáa wá sí gbọ̀ngàn, ó ti gbogbo fèrèsé, ó ní kí kálukú pa fóònù. Orin mẹ́jọ ni mo kọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀yin jókòó níwájú, ẹ ń mi orí sí mi. Bí mo ṣe parí orin karùn-ún, inú yín dùn débi tẹ́ ẹ ti gbọ́wọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́ kẹ́ ẹ tó rántí pé ẹ ò gbọ́dọ̀ pa á. Ẹ̀gbà ọwọ́ yín wá dún woroworo. Onídùùrù ní ká tún orin yẹn kọ, mo ní rárá o, kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohùn mi àti ẹ̀gbà ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo tún ń wá?

Ó kó orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sórí fláàṣì fún mi. Ó ṣàlàyé pé irú fáìlì tí òun lò kì í sọ ohunkóhun nù nínú ohùn. Bí èèyàn ṣe mí, bí bébà ṣe dún, bí àga ṣe ké, gbogbo ẹ̀ ló máa wà níbẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tó fi tóbi. Ó ní fáìlì ẹm-pí-tírì kékeré tí gbogbo ayé ń lò, ńṣe ló máa ń yọ ohun tó bá rò pé etí ò ní wá kúrò, kó lè fúyẹ́. Kò burú fún ẹni tó ń rìn lọ lójú ọ̀nà. Àmọ́ ohun tó bá ti yọ kúrò ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè dá a padà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Mo jí, mo lanu, ohun tó jáde ni mò ń lò dòní. Ẹ̀rọ onídùùrù ti bàjẹ́ kó tó ṣí kúrò ládùúgbò, torí náà ohun tó wà lórí fláàṣì yẹn ni gbogbo ohun tó kù nínú ohùn mi láyé.

Ẹ̀yin náà lẹ tún fi ẹ̀rọ orin kékeré ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ, kí n lè máa gbọ́ ara mi nídìí áyọ́ọ̀nù. Mo dúpẹ́ títí. Àṣé ẹ̀rọ náà ò mọ irú fáìlì ńlá yẹn, ó kàn ń kọ ọ́ sójú pé òun ò lè ṣí i. Ni mo bá ké sí Mítà, orúkọ tẹ́ ẹ sọ ọkọ mi látìgbà tó ti ń ka mítà iná kiri ojúlé. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí, kọ̀ǹpútà pálọ̀ nìkan ló kù tó ń ṣọ̀gá lé lórí. Mo ní kó bá mi ṣe kékeré tí ẹ̀rọ náà lè kọ, kó jẹ́ kí ńlá wà níbi tó wà. Kó má bàa ṣì mí gbọ́, mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà: Dà á kọ ni o.

Mo ní kó dà á kọ, ó dà á nù. Àmọ́ mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn.

Inú mi dùn lóṣù yẹn, kí n má parọ́. Mo há ẹ̀rọ náà mọ́ àyà, mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, ooru ń rú sí mi lójú, èmi ọjọ́sí ń kọrin sí èmi òní létí. Mo mọ̀ pé kékeré ni mò ń gbọ́, kò sì dùn mí, torí mo mọ̀ pé ńlá wà nílé. Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, mo ní kí n gbọ́ ńlá ní sípíkà pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe òun. Ibi tí mo ti mí kí n tó gbé orin kẹrin lọ sókè ò sí mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní ṣ nínú ń dún bíi pé omi wà lẹ́nu mi. Mo dúró de ẹ̀gbà yín ní ìparí orin karùn-ún, ohun tí mo gbọ́ dà bí ẹni ń fọwọ́ ra ọ̀rá.

Mo pe Mítà. Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó fi bí fáìlì ṣe tóbi tó hàn mí, lóòótọ́ ó tóbi bó ṣe wà látijọ́. Ó ní, "Fáìlì ò yí padà. Àfi tó bá jẹ́ etí rẹ."

Mo pè yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ rántí? Mo bi yín pé ṣé ẹ̀gbà yín dún lọ́jọ́ tí mò ń kọrin yẹn, àbí èmi ni mò ń lá a lálàá. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Ẹ̀gbà wo? Mi ò wọ ẹ̀gbà lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ orí ló ń dé yẹn, àbúrò mi."

Mo gbà. Ta ni mo fẹ́ gbà gbọ́ jù yín lọ? Mo gbọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà etí. Mítà sìn mí lọ, ó bá mi gbé báàgì. Wọ́n tì mí mọ́ yàrá kékeré kan, wọ́n fi nǹkan bò mí létí, wọ́n ní kí n máa tẹ bọ́tìnnì bí mo bá ti gbọ́ ìró. Dókítà ní etí mi dá ṣáká, ó ní ó dáa ju tòun lọ. Ǹ bá dúpẹ́, àmọ́ ńṣe ni mo bú sẹ́kún nínú ọkọ̀. Tí kì í bá ṣe etí, á jẹ́ pé orí mi ló ń lọ. Mo sọ ọ́ sétí Mítà bẹ́ẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń ka òpó iná. Nígbà tá a délé, mo yọ ẹ̀rọ orin náà kúrò lára aṣọ iṣẹ́, mo jù ú sínú agolo bọ́tìnnì. Odindi oṣù mẹ́ta, mi ò gbọ́ orin kankan.

Obìnrin oníkọ̀ǹpútà kan wà tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kọjú sí tiwa, gbogbo ọjọ́ Wẹ́sídeè ló máa ń kó aṣọ wá. Ó ní, Màmá Jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ orin tẹ́ ẹ máa ń fi sétí dà? Mo rò ó fún un. Ó ní kí n gbé fáìlì náà wá. Ó ṣí i síbi tí kọ̀ǹpútà ti ń ya àwòrán ohùn. Ó kọ́kọ́ fi orin mìíràn tó pé hàn mí, ó kún àpótí àwòrán náà dókè. Tèmi dé agbedeméjì, orí ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀. Ó wojú mi, ó ní, "Mà, etí yín ò ṣe nǹkan kan. Kékeré lèyí tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ló sọ ọ́ di ńlá padà. Aṣọ àgbà ni wọ́n wọ̀ fọ́mọdé."

Bí ẹni bomi la ọtí kí ìgò lè kún padà. Mo gba fáìlì mi, mo sọdá títì lọ sílé.

Mi ò bá Mítà pariwo, ohùn dà? Mo ṣí bébà yẹn kúrò lára kọ̀ǹpútà, mo gbé e síwájú ẹ̀ lórí tábìlì. Ó wá jẹ́wọ́ pé kọ̀ǹpútà ti kún, fídíò eré bọ́ọ̀lù tó ń gbà sílẹ̀ ò ráyè wọlé mọ́. Bó ṣe kó orin náà wọ kọ̀ǹpútà, tó ṣe kékeré tán, ó rò pé iṣẹ́ ti parí, ó pa ńlá rẹ́. Fláàṣì náà, ó ti nù ún, ó fi kó bọ́ọ̀lù fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń tún bàtà ṣe. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló tó rí bébà mi, àyà ẹ̀ já.

Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ibẹ̀ ló parí sí, mi ò ní kọ lẹ́tà yìí. Ká ní ó pè mí lọ́jọ́ yẹn, kó ní òun ti ba nǹkan jẹ́, màá sunkún, màá bú u, màá ní bọ́ọ̀lù ni yóò sin ín, lẹ́yìn náà màá sebẹ̀ fún un. Àṣìṣe ni. Ta ni kì í ṣì í? Àmọ́ ó ní òun fẹ́ sọ, ẹni tí òun kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ̀ ni kò jẹ́. Ó bá fi ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fohùn sọ ránṣẹ́ sórí fóònù ẹ̀ sí mi létí. Ohùn yín mọ́ gaara, kò sí ohun tó yọ níbẹ̀. Ẹ ní, "Àna mi, má sọ fún un o. Wá bó o ṣe máa sọ ọ́ di ńlá padà. Kò ní mọ̀."

Kò ní mọ̀. Èmi tí mo fi etí jẹun fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Mo wọ yàrá, mo wá àwo-fọ́tò jáde. Fọ́tò ọjọ́ tí a gbohùn mi sílẹ̀ wà níbẹ̀, èmi àti ẹ̀yin lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹ gbé ọwọ́ lé mi léjìká. Ẹ̀gbà mẹ́ta ló wà níbẹ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ ń bá a. Tiyín ò tiẹ̀ pé ọdún kan, ẹ̀gbà ọwọ́ ẹ̀yin fúnra yín ló tú àṣírí. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní àánú mi ló ṣe yín, pé ẹ ò fẹ́ kí n pàdánù ohùn lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo pè yín, tí mò ń bẹ̀rù pé etí ń kú tẹ̀ lé ohùn, gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ gbé e mì. Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó sínú àpótí yẹn, kí n máa tẹ bọ́tìnnì. Mítà da ohùn mi nù, ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba etí mi. Ọ̀tá ò lè ṣe irú ẹ̀, torí mi ò ní bi ọ̀tá léèrè ohun tí mo gbọ́. Ó dùn mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn mí wọ egungun.

Mítà ń sùn ní pálọ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ti pa gbogbo bọ́ọ̀lù rẹ́ láìjẹ́ pé mo ní kó pa á. Òun àti kọ̀ǹpútà jọ ń wo ara wọn lójú. Èmi ti mú ẹ̀rọ orin kúrò nínú agolo bọ́tìnnì, mo ti há a mọ́ àyà padà. Kékeré tó wà nínú ẹ̀ ló kù, kékeré ni mo sì pè é. Kò parọ́ fún mi rí.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Ẹ kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ fún àbígbẹ̀yìn pé mo ní kó fara balẹ̀ ka ìbéèrè kó tó dáhùn. Ẹ máa fi omi gbígbóná ra orúnkún yẹn.

Ẹ má fèsì lórí fóònù o, ẹ má sì fohùn ránṣẹ́ sí mi, mo ti gbọ́ èyí tó tó mi. Tó bá jẹ́ lóòótọ́ lẹ fẹ́ bẹ̀ mí, ẹ fẹsẹ̀ yín wá. Ẹ wọ ẹ̀gbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀. Ẹ má kan ilẹ̀kùn, ẹ má pe orúkọ mi. Láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni màá ti gbọ́ yín.

Èmi ni àbúrò yín tí etí ẹ̀ ò di,
Jẹ́jẹ́.