Bíírò Tí Mo Gbé Kiri Nípàdé Pápá Yunifásítì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín, mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bò mí láṣìírí, ẹ má dárúkọ mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi sì ni akọ̀wé àdúgbò wa.

Ògiri pápá ìṣeré yunifásítì ló kángun sí yàrá ìyàwó mi, tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ibùgbé nìkan ni òfin fọwọ́ sí ládùúgbò wa. Yunifásítì wá fẹ́ kí ìjọba yí òfin náà padà, kí wọ́n lè máa fi pápá gba àwọn olórin lálejò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo wa la kọ̀ ọ́.

Yunifásítì pè wá sípàdé. Wọ́n ní ká kọ orúkọ, ká fọwọ́ sí i, kí wọ́n lè mọ àwọn tó wá. Èmi tí mo fẹ́ràn ètò ni mo gbé ìwé àti bíírò láti àga dé àga. "Mọ́mì, ẹ fọwọ́ síbí."

Ìwé yẹn gan-an ni wọ́n gbé síwájú ìjọba pé a ti gbà! Orúkọ tèmi ló ṣáájú. Wọ́n fi ọ̀bẹ ẹ̀yìn jẹ wá níṣu, èmi ni mo bá wọn pọ́n ọ̀bẹ.

Ní báyìí, mo ti kọ ìwé ìtakò. Ilé tí mo bá gbé e dé kí wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé yunifásítì," wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Yàtọ̀ sí tèmi, orúkọ ẹnì kan péré ló wà nínú ẹ̀. Ìyàwó mi ló fi ọwọ́ òsì kọ ọ́; òun nìkan ni n kò gbé bíírò fún lọ́jọ́ ìpàdé, nítorí kò lè wá.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ká ní aládùúgbò mi ni yín, ṣé ẹ ó tún gba bíírò lọ́wọ́ mi?