Òòlù Olówó Pọ́ọ́kú àti Ìka Ọwọ́ Rẹ

Ìṣó, ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, kí n tó béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, jọ̀ọ́, ka ìka ọwọ́ rẹ fún mi. Ka ti ọ̀tún, kí o sì ka ti òsì. Bí wọ́n bá pé mẹ́wàá, jókòó kí o máa ka lẹ́tà yìí lọ. Bí wọn kò bá pé, má wulẹ̀ kà á síwájú mọ́. Wá ẹni tí yóò bá ọ kọ èsì, kí o sì sọ òtítọ́ fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti sọ ọ́. Ọjọ́ méjìlélógún nìyí tí ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi, tí mo ń fi omi gbé e mì, tí kò lọ.

Wàyí o, mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun lásìkò, àbí o ṣì ń fi omi tan ebi bí o ti máa ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára? Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún máa ń dùn mí díẹ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rìn dé ẹnu ọ̀nà tí mo padà, á gbàgbé pé òun ń dunni. Ilé náà wà. Àga mẹ́fà ló yí tábìlì ká, èmi kan ṣoṣo ni mò ń jókòó. Mo wá ń pààrọ̀ àga lójoojúmọ́, kí àwọn tó kù má baà rò pé mo bá wọn ṣọ̀tá.

Ẹrù tí o fi ránṣẹ́ dé láyọ̀. Mo rí àpótí ike dúdú náà, mo sì rí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀: òòlù, ẹ̀mú, ayùn kékeré, téèpù tí a fi ń wọn pákó, àti irin mẹ́fà tí a fi ń yí sukuru, gbogbo wọn ń dán bí bàtà ìyàwó tuntun. Mo ka ìwé tó wà lórí wọn lẹ́ẹ̀mẹta: "Màmá, ọjà òkèèrè tó wà ní ẹ̀dínwó ni, irú rẹ̀ gan-an ni mo rà fún ara mi, èmi fi ayùn oníná kún tèmi. Ẹ máa fi tún nǹkan kéékèèké inú ilé ṣe, kí ẹ má baà máa dúró de ẹnikẹ́ni mọ́." O ṣeun, ọmọ mi. Wàá rí ẹni tí yóò ṣe é fún ọ. Ṣùgbọ́n Ìṣó, kì í ṣe ìwọ lo kọ ìwé yẹn. Mo mọ ọwọ́ rẹ. Ìwọ a máa tẹ bírò bí ẹni ń gbẹ́ pákó, ẹ̀yìn ìwé á wú, afọ́jú á fi ìka kà á. Ìwé yìí tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ta ló bá ọ kọ ọ́? Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?

Mo pe nọ́ńbà rẹ. Obìnrin kan ló ń gbé e, ó ní kò sí nọ́ńbà tó jọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo pè ní àárọ̀, mo pè ní ọ̀sán. Kò bínú, kò rẹ̀ ẹ́, ohùn kan náà ni. Nígbà tó yá mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i, "Ẹ káàárọ̀ o, èmi náà tún ni." Bí aládùúgbò bá gbọ́, á ní orí mi ti dàrú. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin pè mí láti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, ó ní, "Màmá, odidi ọkùnrin ni, fóònù rẹ̀ ló máa ti bọ́ sómi. Ẹ fi ọkàn balẹ̀." Mo ní ó dáa. Ọmọ tó bá ti dàgbà, bí òbí bá ní ẹ̀rù ń ba òun nítorí rẹ̀, á ní ẹ̀rù ló kàn wu òbí náà. Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù rẹ tí mo rí lára àpótí ni mo ń fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí.

Jẹ́ kí n ròyìn iṣẹ́ tí mo fi irinṣẹ́ rẹ ṣe. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ń wọ́lẹ̀ láti ìgbà òjò. O ní kí n má dúró de ẹnikẹ́ni, mo bá dìde. Irin tí a fi ń yí sukuru ni mo kọ́kọ́ mú. Ẹnu rẹ̀ lọ́ bí àbẹ́là tí oòrùn pa; sukuru kò tilẹ̀ mira. Mo gbé òòlù. Mo kàn án lẹ́ẹ̀kan, mo kàn án lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí mo gbé e sókè lẹ́ẹ̀kẹta, èèkù nìkan ló bá mi sọ̀kalẹ̀. Orí rẹ̀ fò kọjá létí mi, mo gbọ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó wọ inú ilé lọ, ó lọ ba aago ògiri. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dúró sí títí di òní. Ìṣó, n kò mọ̀ pé ìró aago yẹn ni mò ń bá gbé. Ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú ilé báyìí, ènìyàn lè gbé ẹrù kà á lórí.

Wẹ́dà tó ń jó irin ní òdìkejì òpópónà gbọ́ ariwo, ó sáré wá. Ó gbé orí òòlù náà, ó gbé e yẹ̀ wò ní àtẹ́lẹwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, èyí kì í ṣe òòlù o, àwòrán òòlù ni. Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri." Mo ní, "Ó ti dé ara ògiri kí o tó dé, lọ bi aago." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fọwọ́ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì bá a lọ. Àwa méjèèjì la gbé e dìde. Ó pẹ́ tí ẹlòmíì ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yìí. Àfi bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀, tó ní, "Ta ló rà á fún yín?" Mo ní ọmọ mi ni, ó sì ra ayùn oníná irú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó tún lọ gbé orí òòlù náà yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ sọ fún un kó ṣọ́ra o. Òòlù, orí kan ṣoṣo ló ní tó lè fò. Ayùn tó ń yí, bí eyín rẹ̀ bá já, kì í béèrè ibi tó ń lọ." Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìka rẹ lọ́kàn mi.

Má fi mí pe ẹni tó kórìíra ọjà olówó pọ́ọ́kú. N kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Téèpù rẹ dára. Mo fi wọn tábìlì tí bàbá yín kàn, tí mo mọ gígùn rẹ̀ bí mo ti mọ orúkọ mi, kò fi ìwọ̀n ìka kan parọ́. Ẹ̀mú náà ń ṣiṣẹ́. Bàbá yín gan-an, ayùn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, a kò lè fi han àlejò. Ìlànà tiwọn lèyí, èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ra sáńpépà mọ́ pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo ń sọ ọ́: ohun tó ń wọn nǹkan, ohun tó ń di nǹkan mú, ra èyí tí agbára rẹ ká, bó bá bàjẹ́ wàá mọ ohun tí ó yẹ kí o fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń gé, èyí tó ń yí, àti èyí tí o máa gùn sókè, má ra ẹ̀dínwó rẹ̀ láé. Wọ́n a ní, "Ìyókù owó rẹ̀, ara ni yóò san án."

Ẹ̀bi kan sì wà lọ́rùn mi tí n kò tíì jẹ́wọ́. Nígbà tí bàbá yín lọ, mo tẹ́ irinṣẹ́ wọn sórí ẹní nínú pálọ̀, mo pe ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ pé kí ẹ mú ohun tó bá wù yín. Ìwọ tí wọ́n sọ ní Ìṣó nítorí pé kò sí ìṣó tó jábọ́ tí o kì í ṣà, ìwọ wo ilẹ̀, o ní, "Kò sí ohun tí mo fẹ́, Màmá." Ẹ̀gbọ́n rẹ náà kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ní ọkàn yín ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó ń ra irin àlòkù kọjá, mo jẹ́ kó kó wọn lọ. Ó tó ọdún kan kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó sọ fún mi pé ìwọ lòun ń dúró dè. Kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ayùn ṣe? Ìwọ sì ń dúró de òun, nítorí èmi ni mo kọ́ yín pé ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Orí ẹran inú àwo ni mo ti kọ́ yín, n kò mọ̀ pé ẹ ó gbé e dé orí ogún. Ká ní mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì ni, o kì bá tí dé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dínwó.

Nǹkan kan ṣẹ́kù. Mo gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ wọn, mo bá orí òòlù wọn níbẹ̀, láìní èèkù. Ṣé o rántí pé bàbá yín kì í lo èèkù tí wọ́n bá rà? Wọ́n ní ẹni tó ṣe é kò rí ọwọ́ àwọn rí. Lọ́dọọdún, wọ́n á ní kí a gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó, wọ́n á fi pẹ́ńsù yí i ká kí wọ́n lè mọ bí èèkù yóò ti tóbi tó, ìwọ á máa rẹ́rìn-ín pé ó ń rìn ọ́. Mo gé igi lára ẹsẹ̀ tábìlì náà, kí n fi ṣe èèkù tìrẹ. Ayùn kékeré rẹ ni mo fi gé e. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà, ṣùgbọ́n ó gé e, n kò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Mo ti ń ra sáńpépà mọ́ ọn. Ibi tí mo bá a dé rèé: ọwọ́ rẹ tó wà lára pákó tó gbẹ̀yìn, ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. N kò mọ bí ọwọ́ rẹ ti tóbi tó mọ́. Ọwọ́ ọmọ tí mo bí.

O ní kí n má dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣì fara ti ògiri. Wẹ́dà ní òun á bá mi tún un ṣe, mo ní kó fi í sílẹ̀ ná. Kì í ṣe pé mo ń dúró de ẹnikẹ́ni o. Mo kàn fi í sílẹ̀ ni.

Ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Irin kò ní mọ ọ̀nà ara rẹ. Ohun tí o bá gé, ibi tí o fẹ́ ni yóò ti já; ohun tí o bá kàn, kò ní yẹ̀. Olúwa kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ilé tí o bá kọ́, wàá rí ọmọ tìrẹ tí yóò kún un, wọn yóò sì máa wá kí ọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, tó ń ra sáńpépà mọ́ èèkù òòlù rẹ.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo fi ojú ìwé kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn lẹ́tà yìí. Gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ lé e, fi òsì yà á. Lẹ́yìn náà fi ọ̀tún ya òsì. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ yà á. Bí ìka kan bá dín, má fi pẹ́ńsù parọ́ fún mi. Ya èyí tó kù. Èèkù tí yóò bá a mu ni n ó gbẹ́. Fi í sínú àpòòwé lónìí, má fi di ọ̀la. Tètè kọ̀wé sí mi.